Iná Wo?

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta, ní agogo mẹ́sàn-án àbọ̀ òwúrọ̀, ni Bàbá Onílọ́rì kọ́kọ́ fojú kan obìnrin oníṣẹ́ iná tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Iná Wo. Orí òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ti pàdé, ní pápá gbalasa kan tí àwọn onílé-onítáyà ń gbé ilé wọn sí. Yàrá tí a kàn mọ́ orí táyà ni ilé onítáyà. Ọkọ̀ ni ó ń fà á lẹ́yìn bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fa ewúrẹ́ bọ̀ wálé. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, ibi ìdáná wà, firíìjì wà, ibi ìwẹ̀ tí kò fẹ̀ ju inú àpótí aṣọ lọ náà wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kọ̀ọ̀kan ni òpó irin kúkúrú kan dúró sí, sọ́kẹ́ẹ̀tì sì wà lára òpó náà, níbi tí wọ́n ti ń fi wáyà tí ó nípọn fa iná wọlé.

Bàbá Onílọ́rì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ẹrù wíwà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní òwúrọ̀ yẹn, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí awakọ̀ tí ọlọ́pàá ní kí ó sọ̀ kalẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo pápá ń pè ní Màmá, jókòó sí. Ó gbé kúlà kékeré kan lé itan, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bò ó bí ẹni tí ó gbé ọmọ tuntun.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ìwọ ni oníṣẹ́ iná tí wọ́n júwe fún wa? Ọkùnrin ni mo rò pé ó ń bọ̀."

"Ohun tí bàbá mi náà rò nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi. Kí ló ṣe ilé yín?"

"Iná ti lọ."

"Iná wo?"

"Iná náà ni! Àmọ́ iná wà o."

Obìnrin náà rọra gbé báàgì irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Iná ti lọ, iná wà. Èwo ni kí n tún ṣe nínú méjèèjì?"

"Èyí tó ń tàn lókè wà. Fáànù náà ń fẹ́. Firíìjì ló dákẹ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà ń ṣiṣẹ́, àwọn ti inú lọ́hùn-ún ò ṣiṣẹ́. Ká kúkú sọ pé ìdajì iná ló wà."

"Ìdajì iná tó kù, mo lè bá yín wá a. Ẹ ṣáà má fi ìdajì ọ̀rọ̀ kún un fún mi."

Màmá rẹ́rìn-ín lórí àtẹ̀gùn. "Ó bá yín wí, Bàbá wọn."

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Iná Wo nìyẹn. Ìbéèrè kan náà ni ó máa ń fi dá gbogbo oníbàárà lóhùn, ìbéèrè náà kì í sì í ṣe ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Èdè wa di ẹrù tí ó pọ̀ lé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí. Iná ni èyí tí ó ń mọ́lẹ̀ lókè àjà; iná ni agbára tí ń gba inú wáyà kọjá tí ojú kò rí; iná náà sì ni èyí tí ń jó ilé di eérú. Ẹnì kan á ní "iná ti dé", gbogbo ará ilé á hó yèè, kò sí ẹni tí yóò béèrè èyí tí ó wọlé nínú àwọn mẹ́ta náà. Iná Wo a máa béèrè. Ó ti béèrè títí tí àwọn ọmọdé àdúgbò fi ń fi kí i lójú ọ̀nà.

Ohun tí ó wà nínú kúlà ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà le. Àbẹ́rẹ́ ni, èyí tí Màmá ń gún nítorí àrùn àtọ̀gbẹ, kò sì gbọdọ̀ gbóná. Yìnyín tí aládùúgbò kan fún wọn ni ó ń bá wọn tọ́jú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí tọkọtaya náà bí wà ní ìlú òkèèrè, oyún àkọ́bí rẹ̀ ti wọ oṣù ìbímọ; yàrá kan ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, nítorí náà ni àwọn òbí rẹ̀ ṣe fẹ́ fa ilé wọn lọ bá a. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ gbéra.

"Bí firíìjì ò bá ṣiṣẹ́, mi ò lè lọ," ni Màmá wí. "Yìnyín á gbé e dé ibẹ̀, àmọ́ kò lè tọ́jú ẹ̀ títí ọmọ mi á fi bímọ. Bí mi ò bá sì lọ, ọmọ mi á máa képè mí níbi tí mi ò ní gbọ́."

"Ẹ ó lọ, Màmá," ni Iná Wo wí. Ó yíjú sí Bàbá Onílọ́rì. "Ta ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn?"

"Ọ̀gá kan ni. Ọwọ́ ẹ̀ yá ju ọwọ́ aránṣọ lọ. Àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì ti gbó, ó pààrọ̀ gbogbo wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tan gílóòbù, ó ní, 'Bàbá, iná ti dé.' Ó bá tiẹ̀ lọ."

"Ó fi mítà tí a fi ń yẹ iná wò wọ̀n ọ́n?"

"Mítà kẹ̀? Kí la fẹ́ fi mítà ṣe? Ó tàn, ó tàn ni."

Bàbá Onílọ́rì kò mọ̀ pé gbólóhùn yẹn gan-an ni ó lé obìnrin náà kúrò níbi tí ó ti kọ́ṣẹ́.

Bàbá rẹ̀ ti kú kí ó tó dàgbà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni ó sì gba ipò bàbá. Ẹ̀gbọ́n yìí ní ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ iná: tábìlì gígùn tí epo ti mu, àwọn agolo tí wọ́n ṣa súkúrù sí ní ìtóbi-ìtóbi, wáyà tí wọ́n ká kọ́ ara ògiri bí ejò tí ó sùn. Ibẹ̀ ni àbúrò ti kọ́ṣẹ́. Ọlọ́wọ́ òsì ni ẹ̀gbọ́n. Àbúrò a máa jókòó kọjú sí i, ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ a sì máa ṣe ohun tí ọwọ́ òsì ẹ̀gbọ́n ń ṣe, bí ẹni tí ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ó fi rí ohun kan tí ẹ̀gbọ́n kò kọ́ ọ. Apá ọ̀tún ni a ń yí súkúrù sí kí ó tó le. Bí a bá ká ẹnu wáyà mọ́ ọn lọ́rùn sí apá ọ̀tún, bí súkúrù ṣe ń le ni yóò máa fa wáyà mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí a bá ká a sí apá òsì, bí súkúrù ṣe ń le ni yóò máa tì í síta, díẹ̀díẹ̀, bí onílé tí ó ń fi èjìká ti àlejò tí kò fẹ́ kúrò lẹ́nu ìlẹ̀kùn. Apá òsì ni ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ń ká a sí.

Ó sọ fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ta ló sọ fún ọ pé wáyà mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì? Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ká a bẹ́ẹ̀. Ilé wo ló ti jó?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ara ògiri lẹ̀ ń kàn án mọ́. Ògiri kì í rìn, ni kò fi tíì tú."

"Ó dáa, lọ́jọ́ tí ògiri bá rìn, kí o wá pè mí."

Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù títí. Ó fara dà á. Èyí tí kò lè fara dà ni ọ̀rọ̀ mítà. Ní ọjọ́ kan, lójú àwọn oníbàárà, ó gbé mítà tí ó fi owó ara rẹ̀ rà jáde kí wọ́n fi yẹ iṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí wò. Ẹ̀gbọ́n fi ìgúnpá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Gbé nǹkan ìṣeré ẹ kúrò níbí. Gílóòbù ni mítà tèmi. Ó tàn, ó tàn ni!" Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n sanwó fún. Àbúrò parí iṣẹ́ ọjọ́ náà, ó gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ara ìṣó, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, ilé ìyá wọn nìkan ni wọ́n ti ń pàdé, orúnkún ìyá wọn tí ń dùn ún nìkan sì ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ ń sọ.

Ìbínú obìnrin yìí kò jọ ti ẹlòmíràn. Kì í pariwo, kì í sì í gbá ìlẹ̀kùn. Bí inú bá ti ń bí i tó ni ọ̀wọ̀ ń pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tó, débi pé àwọn tí ó mọ̀ ọ́n a máa wá ọ̀nà sá bí wọ́n bá ti gbọ́ tí ó pe ọmọ ọwọ́ ní "ẹ".

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìta. Ó fi mítà wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì ara òpó. Iná wà níbẹ̀, ó sì pé. Ó wọn ibi tí wáyà ńlá ti wọ ara ilé, ó pé. Ó ṣí àpótí kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí wọ́n to àwọn súwíìṣì tí ń já fúnra wọn bí ewu bá dé sí. Kò sí èyí tí ó já. Nígbà náà ni ó jáde, tí ó fa wáyà ńlá yọ kúrò lára òpó pátápátá, tí ó sì jù ú sórí òkúta wẹ́wẹ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wo òkè."

Gílóòbù ṣì ń tàn. Fáànù ṣì ń fẹ́. Bàbá Onílọ́rì wo gílóòbù, ó wo wáyà nílẹ̀, ó tún gbójú sókè.

"Ìwọ ọmọ yìí, oògùn wo lo lò sí i?"

"Oògùn kọ́, bátìrì ni. Bátìrì kan wà nísàlẹ̀ ibùsùn yín tó jọ ti ọkọ̀. Ọkọ̀ yín ló ń bọ́ ọ lójú ọ̀nà, òun náà ló ń bọ́ gílóòbù àti fáànù. Iná tòde ló ń bọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì àti firíìjì. Wọn ò bá ara wọn tan. Ẹni tó tan gílóòbù tó ní iná ti dé, bátìrì ló bá yín kí, kò kí iná."

"Háà! Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi wa ọkọ̀, mi ò mọ̀ pé bátìrì wà nínú ilé mi!"

"Ẹ ò mọ̀ pé ìyàwó wà níbẹ̀ náà," ni Màmá wí.

Iná Wo dá wáyà ńlá padà sí àyè rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé iná kì í gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé náà. Ti ẹnu ọ̀nà ni ó ń kọ́kọ́ gbà á, òun ni ó ń nà án sí èyí tí ó tẹ̀lé e, ìyẹn náà á nà án síwájú títí dé ọ̀dọ̀ firíìjì, bí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ tí wọ́n ń na búlọ́ọ̀kù sí ara wọn. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá yọ̀, gbogbo ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ á dúró lọ́wọ́ òfo. Ti ẹnu ọ̀nà ń ṣiṣẹ́. Èyí tí ó tẹ̀lé e ni ó wà lẹ́yìn orí ibùsùn.

Ó ti tẹ̀ síwájú láti gbé bẹ́ẹ̀dì nígbà tí Màmá pè é.

"Ọmọ mi, má bínú o. Ṣé iná a máa rùn?"

"Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀!" ni Bàbá Onílọ́rì wí. "Ẹja ni ìyá yìí ń gbọ́. Láti ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n ti ń dà mí láàmú pé ẹja ń rùn nínú ilé. Ẹja ò sì wọ ilé yìí rárá. Mo ní oògùn tí wọ́n ń lò ló ń bá wọn nímú jà."

Iná Wo ti kúnlẹ̀ síwájú Màmá. "Ìgbà wo lẹ máa ń gbọ́ ọ, Màmá?"

"Bí mo bá dùbúlẹ̀ ni. Bí mo bá yí kọjú sí ògiri, firíìjì á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bí mo bá tún yí padà, á dákẹ́. Bó bá sì ti ń kùn báyìí ni òórùn ẹja yẹn á dé, bí ìgbà téèyàn gbàgbé ẹja sórí iná."

Bàbá Onílọ́rì fi ọwọ́ gbá itan. "Ẹ gbọ́ o! Ìdí ìyàwó mi ni súwíìṣì firíìjì!"

Òun nìkan ni ó rẹ́rìn-ín. Iná Wo dìde, ó fi ara balẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ẹ̀fẹ̀. Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bi yín. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí Màmá sọ fún yín? Wọ́n ti júwe ibi tó ti bàjẹ́. Wọ́n ti sọ ìgbà tó ń bàjẹ́ àti ohun tó ń mì í. Ike sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ń jóná lábẹ́lẹ̀, òórùn ẹja ló máa ń ní. Kò sí mítà tó dára tó imú wọn nínú ilé yìí, ẹ̀yin sì ní oògùn ló ń bá a jà. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, sà. Ẹ̀yin ò fi tiyín sórí òrùlé. Ẹ fi ṣe ìrọ̀rí fún ìyàwó yín."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ọkùnrin náà. Ó wo Màmá, ó wo ilẹ̀.

Iná Wo pa iná láti ara òpó, ó sì tún fi mítà yẹ ibẹ̀ wò kí ó tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì dúró gátagàta, ó tú pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bo ògiri, ó sì fa sọ́kẹ́ẹ̀tì jáde. Ike rẹ̀ tí ó funfun níwájú ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú lẹ́yìn bí eyín amutábà. Ọ̀kan nínú àwọn wáyà rẹ̀ ti dúdú, ó dẹ̀ lábẹ́ súkúrù, ó ń mì bí eyín ọmọdé. Pákó ẹ̀yìn rẹ̀ ti jó wọnú, ihò dúdú kan tí àtàǹpàkò lè wọ̀ wà lára rẹ̀. Lápá inú yàrá, ní ọ̀kánkán ihò náà gan-an, ni òróró orí Màmá ti fi àmì róbótó sí ara ògiri, níbi tí ìrọ̀rí rẹ̀ máa ń fara tì.

Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí wáyà náà. Apá òsì ni wọ́n ká a sí.

Bí a ṣe ń mọ ìkọ̀wé ẹni ni ó ṣe mọ ọwọ́ tí ó ká wáyà yẹn: ẹnu rẹ̀ tí a tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ìwọ̀n tí a bó lára rẹ̀, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ tí a fi irin kan tẹ̀ wọnú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó jókòó síwájú ọwọ́ yẹn láti ìgbà ọmọdé rẹ̀ títí ó fi di ọ̀gá.

"Bàbá, ọwọ́ wo ni ọ̀gá yẹn fi di súkúrù?"

"Òsì. Mo tiẹ̀ fi bá a ṣeré pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ó ní òun ò júwe ilé, iná lòun ń ṣe."

Iná Wo fa fóònù yọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dé pápá àwọn onílé-onítáyà. Rárá, ara Màámi le. Ẹ máa bọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni."

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ń bọ̀ wá ràn ọ́ lọ́wọ́ ni?" ni Bàbá Onílọ́rì béèrè.

Iná Wo ti padà sídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó gé ẹnu wáyà tí ó jó kúrò títí ó fi kan ibi tí kọ́pà ti ń dán, ó gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun síbẹ̀, ó ká wáyà sí apá ọ̀tún, ó sì di súkúrù títí ó fi gbọ́ ohùn tí ó fẹ́ gbọ́. Ó gé ibi tí ó jó lára pákó, ó sì fi pákó mìíràn dí i. Ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà, ó tú ti ìdáná, ó tú ti firíìjì. Apá òsì, apá òsì, apá òsì. Ti ìdáná náà ti ń dẹ̀. Ó tún gbogbo wọn ká sí ọ̀tún, eyín rẹ̀ ń dún lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí ó dá iná padà, firíìjì mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Màmá fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án bí ẹni tí ó ń yẹ orí ọmọ aláìsàn wò.

"Ẹ má tíì gbé oògùn wọlé, Màmá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dùbúlẹ̀. Ẹ yí sí ògiri. Ẹ yí padà. Ẹ tún un ṣe."

Màmá yí síhìn-ín, ó yí sọ́hùn-ún, bùbá rẹ̀ ká sókè, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Firíìjì kò dákẹ́. Iná Wo kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ilé tí ń rìn, ìrìn ni a fi ń dán an wò. Ó fa wáyà ńlá yọ lára òpó, ó ní kí Bàbá Onílọ́rì so ilé mọ́ ọkọ̀, kí ó sì fà á yí pápá ká, kí ó má yẹ kòtò kankan sílẹ̀. Ọkùnrin tí ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ yẹ kòtò sílẹ̀ wá ń wá kòtò kiri. Nígbà tí wọ́n padà dé, Iná Wo dá wáyà ńlá padà sára òpó, ó sì tún gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì wọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà náà ni ó tó gba kúlà lọ́wọ́ Màmá, tí ó gbé àbẹ́rẹ́ sínú firíìjì fúnra rẹ̀, tí ó sì tì í.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé bí wọ́n ṣe ń tú ilé kúrò lára ọkọ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó fi bíírò há etí. Láti òkèèrè ni ó ti ń pariwo.

"Kí ló dé tí o fi pè mí bí ẹni tó ń pe panápaná?"

"Ọ̀gá!" ni Bàbá Onílọ́rì ké. "Ìwọ kọ́ nìyí?"

Àbúrò bọ́ síwájú rẹ̀, ó tẹ orúnkún méjèèjì sílẹ̀ díẹ̀, ó kí i bí ó ti yẹ, ó sì gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó jó lé e ní àtẹ́lẹwọ́ òsì.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"Ta lò ń pè ní sà?" Ó yí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wò. "Èyí? Bóyá omi ló wọ̀ ọ́. Bóyá wọ́n fi nǹkan tó wúwo sí i. Àwọn èèyàn ò mọ bí wọ́n ṣe ń lo nǹkan."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo wáyà, sà. Ẹ wo apá ibi tó kọjú sí. Ẹ ní lọ́jọ́ tí ògiri bá rìn, kí n wá pè yín. Ògiri ti rìn, sà. Mo ti pè yín."

Ọkùnrin náà wò ó. Ó yọ bíírò kúrò létí, ó tún dá a padà. Àwọn tí ó wà nínú àwọn ilé yòókù ti ń yọ sẹ́nu ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sún mọ́ àbúrò rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Jẹ́ ká wọlé ká sọ̀rọ̀. Ìyá kan náà ló bí wa. Ṣé ojú gbogbo ayé yìí lo fẹ́ tú mi sí? Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di irinṣẹ́ mú?"

"Ẹ kọ́ mi, ẹ ṣeun. Ẹ̀kọ́ yẹn náà ni mo fi dá ọwọ́ yín mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, bí iná bá ń jó ni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Ẹ má bínú pé mo ń gbọ̀n tèmi. Orúkọ bàbá wa ni ẹ kọ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù yín. Ilé mélòó lẹ ti ṣe nínú pápá yìí?"

Ojú ọkùnrin náà sá lọ sí ìlà àwọn ilé onítáyà tí ó wà lápá kejì pápá.

"Ẹ ó ṣí gbogbo wọn lónìí, sà, ẹ ó sì ká wọn sí ọ̀tún. Mítà mi nìyí, mo yá yín. Bí ẹ ò bá ṣí wọn, màá kan ìlẹ̀kùn wọn níkọ̀ọ̀kan, màá sọ ẹni tó ṣe é, màá sì sọ bí mo ṣe bá a tan."

Bàbá Onílọ́rì, tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ lára, ti já wọ àárín wọn. Gbogbo iṣan ọrùn rẹ̀ ti dìde.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ni? Ẹ̀gbọ́n ẹ ló purọ́ fún mi? Ó wo ojú mi kòrókòró, ó ní iná ti dé! Ìyàwó mi ń sùn ti ihò tó ń jó! Ọmọ mi ì bá bímọ tán kó máa wá ìyá ẹ̀!"

"Bàbá, ẹ fara balẹ̀, mi ò purọ́ fún yín," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Mo ní iná ti dé, iná sì dé. Ẹ̀yin náà rí i tó tàn." Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó na ọwọ́ òsì sí i, sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà lórí rẹ̀. "Bá mi sọ fún wọn. Ìwọ náà mọ iṣẹ́. Ṣé mo purọ́ ni?"

Màmá ti dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn ilé rẹ̀, ó di férémù mú. Iná Wo fa síìpù báàgì irinṣẹ́ rẹ̀ dé ìparí, ó gbé e kọ́ èjìká, ó sì yíjú sí Bàbá Onílọ́rì.

"Ẹ̀gbọ́n mi ò purọ́, Bàbá. Wọ́n ní iná ti dé, iná sì ti dé lóòótọ́. Ó ti dé ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí Màmá. Ẹ̀yin lẹ ò bi wọ́n pé iná wo."